Ihò Kẹsàn-án Tó Kọjú sí Gábàsì

Láti àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ ni ara Sakinah kò ti balẹ̀. Bó bá jókòó lórí àpótí, bí ẹni jókòó lé èèrùn ni. Bó bá dìde, yóò rìn dé ẹnu ọ̀nà, yóò wo ojú ọ̀run bóyá òjò ń ṣú bọ̀, yóò tún padà wọlé wá wo aago ara ògiri tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wò tán. Ìyá ìyá rẹ̀, Àbẹ̀ní, tí gbogbo àdúgbò Dàda mọ̀ sí Ìyá Oníkòkò, wà lójúde níbi tó ti ń tẹ amọ̀ mọ́ ìdí ògbólógbòó ìkòkò kan tó dojú délẹ̀. Ó wo ọmọ-ọmọ rẹ̀ títí, ó rẹ́rìn-ín.

"Sakinah, ṣé ìyàwó tó ń retí mọ́tò ọkọ ni ọ́ ni? Jókòó jàre, o ń da erùpẹ̀ sí mi lámọ̀."

"Ìyá, ọ̀la ni wọ́n máa gbá a."

"Wọn ó gbá kín ni?"

"Ihò mi, Ìyá. Ihò kẹsàn-án."

"Ihò!" Ìyá Àbẹ̀ní pàtẹ́wọ́, amọ̀ sì ta sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. "Ọmọ tí a rán níwèé, ihò ló lọ gbẹ́ wá. Òkété náà kúkú ń gbẹ́ ihò, kò gba dípúlómà."

Òótọ́ ni pé Sakinah gba dípúlómà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ ayàwòrán ní ọ́fíìsì àwọn awọnlẹ̀ kan ní Challenge, nílùú Ilorin. Ṣùgbọ́n fún ọdún méjì tó ti wà níbẹ̀, àwòrán ẹlòmíràn ló ń dà kọ. Yóò tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé tiwọn lórí, yóò fi pẹ́ẹ̀nì tẹ̀ lé ìlà wọn láìyẹsẹ̀, bó bá sì dé igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, orúkọ wọn ni yóò kọ síbẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà. Ó mọ orúkọ gbogbo wọn kọ, ó ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Tirẹ̀ nìkan ni kò kọ síbẹ̀ rí.

Inú oṣù kejì ọdún 1990 yẹn ni Alhaji Ajíbádé, alága ẹgbẹ́ àwọn agbágóòfù, wọlé tọ̀ wọ́n wá. Gbogbo àwọn ọkùnrin ti lọ wọn ilẹ̀ kan ní ọ̀nà Malete, Sakinah nìkan ló wà nídìí tábìlì. Alhaji ṣàlàyé ìṣòro rẹ̀. Ihò mẹ́jọ ni pápá wọn ní. Ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù sínú ìkẹjọ tán, àfi kó tún padà lọ gbá ti àkọ́kọ́ kó tó lè pé mẹ́sàn-án, bí ẹni tó ń ka tẹ̀sùbáà tí ìlẹ̀kẹ̀ kan ti já bọ́ lára rẹ̀. Ó yọ ìwé aláwòrán kan láti abíyá agbádá: pápá góòfù àwọn Òyìnbó, koríko tútù yọ̀yọ̀, òkun ń hó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Irú eléyìí ni mo fẹ́."

Sakinah wo àwòrán náà, ọ̀rọ̀ sì já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. "Alhaji, òkun ló ń ṣe gbogbo ẹwà tí ẹ rí yìí o. Odò Asà nìkan la ní ní Ilorin."

Alhaji Ajíbádé wò ó láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó dáa. Ya tìẹ wá ká rí i. Bí àwọn ará mi bá gbá a tí wọ́n sì gbà á, ihò mẹ́sàn-án mìíràn wà tí a fẹ́ là, ìwọ ni wàá yà á, orúkọ ẹ ló máa wà níbẹ̀. Bí wọn ò bá gbà á, ará Èkó kan ti ń kọ lẹ́tà sí mi."

Ohun tó gba oorun lójú rẹ̀ nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́ta ni bébà fi wà níwájú rẹ̀ ní funfun. Gbogbo òkè tó bá fà láti inú ìwé Òyìnbó ń dà bí aṣọ àyálò, ó balẹ̀ níbì kan, ó fún níbì kan. Àfi lọ́jọ́ kẹrin tó dé ilé tó rí Ìyá Àbẹ̀ní lẹ́nu iṣẹ́. Ìdí ìkòkò tó dojú délẹ̀ yẹn, bó ṣe yọ roboto láti inú iyanrìn, ìlà mẹ́ta tí ìyá àgbà fi ìka fà yí ọrùn òmíràn ká. Sakinah sáré wọ yàrá lọ mú pẹ́ńsù.

Ní ilẹ̀ tiwa, ẹ̀ẹ̀rùn kì í jẹ́ kí koríko tútù pẹ́, nítorí náà yanrìn ni wọ́n ń tẹ́ yí ihò góòfù ká. Wọn á pò ó mọ́ ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ tí àwọn mẹkáníìkì ti lò gbó, kí afẹ́fẹ́ má gbé e, kí òjò má sì wọ́ ọ lọ. Búráùn ni wọ́n ń pè é. Gbogbo búráùn mẹ́jọ tó wà ní pápá náà ló tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ. Sakinah gbé tirẹ̀ lé orí ìdí ìkòkò. Ìlà ìka ìyá àgbà di kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta tó ń gba omi òjò kúrò lára yanrìn. Gbogbo rẹ̀ ń jáde bí ẹni pé ó ti wà nínú bébà tẹ́lẹ̀, ó kàn ń ha á síta ni. Ní ti ìlà àkọ́kọ́, èyí tó sọ ibi tí agbábọ́ọ̀lù yóò dúró àti ibi tí yóò kọjú sí, kò tilẹ̀ rò ó. Gábàsì, níhà ìlà-oòrùn, ni ọwọ́ rẹ̀ fà á sí.

Wàhábì ló gbé àwòrán náà kúrò nínú bébà gbé e lélẹ̀. Òun ni olórí àwọn òṣìṣẹ́ pápá, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n, ọkùnrin gíga tí ẹ̀rín rẹ̀ kì í pariwo, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún nìkan ló máa ń tẹ̀ wọlé díẹ̀, ìyẹn náà sì tó láti da ìṣirò rú mọ́ Sakinah lórí. Báàgì igi góòfù ló kọ́kọ́ gbé tẹ̀ lé àwọn ọlọ́lá kiri níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án kí wọ́n tó fi jẹ olórí. Lójoojúmọ́ tí ọ́fíìsì bá parí ni Sakinah ń wọ mọ́tò lọ bá a. Yóò dé, oòrùn á ti rọ̀, á wà lẹ́yìn wọn, á da wúrà sórí koríko, á sì jẹ́ kí òjìji àwọn méjèèjì gùn lọ síwájú títí wọ́n á fi pàdé lẹ́bàá búráùn. Wàhábì á di ẹnu okùn mú, Sakinah á di ìdí rẹ̀ mú, ọkàn rẹ̀ á sì máa lù kìkì bí ẹni pé ọkàn ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe ilẹ̀.

Ọjọ́ tí búráùn parí, tí Wàhábì fi rọ́ọ̀gì tí wọ́n so mọ́ igi gbá ojú rẹ̀ tó ń dán bí awọ ejò, Sakinah dúró níbi ìgbábọ́ọ̀lù ó ní, "Bọ̀ọ̀dá Wàhábì, ẹ wò ó dáadáa. Ṣé ó dáa?"

Wàhábì wo ọ̀ọ́kán gábàsì. Ó fi ọwọ́ bo iwájú orí bí ẹni tí ìtànṣán ń wọ̀ lójú, bẹ́ẹ̀ oòrùn wà lẹ́yìn wọn. Lẹ́yìn náà ló wo ojú Sakinah.

"Ó dáa," ló wí. "Ó dáa gan-an ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ti wọ ọkàn Sakinah bí oyin. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó gbé sí iwájú orí yẹn náà wọlé tẹ̀ lé e, òun ló sì ń tì í káàkiri ojúde Ìyá Àbẹ̀ní lọ́jọ́ Jímọ̀ yìí, tí kò jẹ́ kó lè jẹ tùwó tí wọ́n bù sílẹ̀ fún un.

Nígbà tó di aago méje kù díẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, àwọn agbábọ́ọ̀lù méjìlá ti dúró níbi ìgbábọ́ọ̀lù ihò kẹsàn-án. Òjò ti rọ̀ lóru, ó ti dá, ojú ọ̀run mọ́ roro. Sakinah fara ti igi kan lẹ́yìn wọn, ó ń ká etí gèlè rẹ̀ ó ń tú u. Wàhábì wà lọ́nà jíjìn nídìí búráùn, ó di ọ̀pá àsíá mú.

Alhaji Ajíbádé tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé igi sókè. Ìgbà yẹn gan-an ni oòrùn yọrí lẹ́yìn búráùn. Kò yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò yọ lókè, gbangba ìdí ọ̀pá àsíá ló ti jáde, ó sì la iná sójú gbogbo wọn. Alhaji gbá bọ́ọ̀lù náà. Ìró rẹ̀ dùn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó rí ibi tó gbà.

"Ibo ló lọ?"

"Ọlọ́hun ló mọ̀, Alhaji."

Ó gbá èkejì. Ìyẹn náà wọ inú iná náà lọ. Ẹ̀kẹta, wọ́n gbọ́ tó bá ara igi ní ibì kan. Alhaji yọ fìlà, ó nu omi ojú.

"Ta ló ní ká máa tẹjú mọ́ oòrùn láàárọ̀ kùtùkùtù? Ṣé ìrun la wá kí ni?"

Ọ̀kan nínú wọn tó ń jẹ́ Àlàó, aláwàdà burúkú, gbé ọwọ́ méjèèjì sí etí bí ẹni fẹ́ kábárà fún ìrun. "Ẹ tò ní sàfú o! Lèmọ́mù ló yàwòrán yìí, ẹ má bá a jiyàn!"

Ẹ̀rín sọ gèè. Sakinah jọ̀wọ́ etí gèlè rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwàdà náà ti ba ibi tó yẹ kó bà. Bàbá rẹ̀, Àfáà Abdulkadir, kì í tẹ́ ẹní láìkọ́kọ́ wá kíbúlà, ìyẹn gábàsì tí wọ́n ń kọjú sí kírun. Ilé-kéwú ẹ̀yìnkùlé wọn, ibùsùn wọn, àní òkúta tí bàbá ń jókòó lé láti ṣe àlùwàlá, gbogbo rẹ̀ ló ní ibi tó kọjú sí. Kó tó mọ "a, b, d" ló ti mọ gábàsì. Nígbà tí wọ́n gbé ilẹ̀ fún un pé kó là á, ọwọ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ bí ẹní. Ìrọ̀lẹ́ nìkan ló sì máa ń wá síbẹ̀, nígbà tí oòrùn àti Wàhábì jọ ń dára lójú rẹ̀. Láti oṣù mẹ́ta, kò wá lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀.

"Ọmọ mi," ni Alhaji wí, ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn gan-an ló sì dùn ún jù, "o gbìyànjú. Àwòrán ẹ rẹwà. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń gbá bọ́ọ̀lù kí a tó lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé, katapílà á wá tẹ́ ẹ, ká rí ibi gbé mọ́tò sí. N ó kọ̀wé sí ará Èkó yẹn."

Nígbà tí wọ́n ti lọ tán ni Wàhábì rìn wá. Sakinah kò jẹ́ kó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tán.

"Ẹ mọ̀."

Wàhábì ń ká àsíá mọ́ ọ̀pá.

"Bọ̀ọ̀dá Wàhábì, mo ní ẹ mọ̀."

"Mo gbé báàgì fáwọn èèyàn yìí fọ́dún mẹ́sàn-án, Sakinah. Mo mọ ibi tí oòrùn ń gbà yọ."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

"Inú ẹ ń dùn. Mo wo ojú ẹ lọ́jọ́ yẹn, mi ò rí ibi tí mo lè gbé ọ̀rọ̀ náà lé."

"Inú mi ń dùn!" Omi bọ́ lójú Sakinah, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a dànù. "Wọ́n fi mí ṣẹ̀sín lójú èèyàn méjìlá, o dúró, o di àsíá mú, inú mi ń dùn! Èmi ò ní kí o pọ́n mi lé, Wàhábì. Mo bi ọ́ ní ìbéèrè ni."

Kò pè é ní "o" rí. Ọ̀rọ̀ náà dúró láàárín wọn bí ọgbà. Sakinah yí padà, ó sì lọ.

Ilé kò gbà á. Ó gbálẹ̀ ojúde tó ti mọ́. Ó fọ aṣọ tí kò dọ̀tí. Nígbà tó tún fẹ́ gbé ìgbálẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, Ìyá Àbẹ̀ní pè é.

"Wá mú ẹ̀gbẹ́ kejì ìkòkò yìí fún mi. Ilẹ̀ ò ṣẹ̀ ẹ́."

Sakinah kúnlẹ̀, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìkúnlẹ̀ náà. Ìyá Àbẹ̀ní gbọ́ ọ títí dé ìparí.

"Ẹ̀gbẹ́ wo lo ti ń wò ó nígbà tí ò ń ṣe é?"

"Ibi tí wọ́n ti ń gbá a, Ìyá."

"Ibẹ̀ nìkan?" Ìyá àgbà ṣe ṣìọ̀. "Ta ló kọ́ ẹ nírú ẹ̀? Ṣé o rí mi rí kí n jókòó síbì kan mọ ìkòkò? Mo ń yí i po ni, ẹ̀yìn ni mo sì ń rìn, ìdí ẹ̀ nìyẹn tí ìbàdí ń ro mí. Ẹni tó bá wo ìkòkò lójú kan, á wọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́." Bó ti ń wí bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ṣí amọ̀ tó ti le díẹ̀ kúrò lórí ògbólógbòó ìkòkò, ìyá àgbà sì yí i dojú sókè, ó gbé e sójú ọ̀run. "Wò ó. Láàárọ̀, ìdí ló wà lókè. Ní báyìí, ẹnu ló wà lókè. Amọ̀ kan náà ni."

Sakinah wo ẹnu ìkòkò náà. Ó dìde láìnu amọ̀ ọwọ́ rẹ̀.

"Sakinah! Ibo tún ni?"

"Mo ń bọ̀, Ìyá!"

Ó dé pápá bí wọ́n ti ń kírun alásárì. Ó yí ihò kẹsàn-án po bí ẹni ń mọ ọ́n, ẹ̀yìn-ẹ̀yìn. Bó ti dúró níbi ìgbábọ́ọ̀lù, wúrà ni gbogbo rẹ̀. Bó ti dúró nídìí búráùn tó kọjú sẹ́yìn, oòrùn ìrọ̀lẹ́ gún un lójú. Ó sùn, kò sùn. Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó tún wà níbẹ̀, ó dúró nídìí búráùn kan náà. Oòrùn ń yọ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń tì í léjìká bí ọwọ́ ọ̀rẹ́, gbogbo koríko títí dé ibi ìgbábọ́ọ̀lù sì mọ́ kedere, ó lè ka ìrì orí wọn. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kò sí búráùn ní ìhà ọ̀hún.

Wàhábì ń gbé ní àdúgbò Ṣàngó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbàlá àwọn mẹkáníìkì. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún un.

"Kẹ́ẹ̀gì ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ mẹ́rin," ni Sakinah wí. "Ẹ bá mi tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aládùúgbò yín. Mi ò tíì dárí jì yín o. Ọ́ìlì ni mo wá gbà."

Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún tẹ̀ wọlé díẹ̀, ó sì yára padà. "Kẹ́ẹ̀gì mẹ́fà lá gbà, bí yanrìn náà bá tutù."

Gbogbo ọjọ́ Àìkú yẹn ni wọ́n fi gbẹ́ ilẹ̀, tí wọ́n fi kó yanrìn, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ pò ó mọ́ ọ́ìlì. Wọn kò sọ ju "gbé e wá" àti "ó tó" lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọwọ́ wọn kan ara wọn lórí ọwọ́ ọkọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni Sakinah kọ́kọ́ fà á kúrò, ìgbà ìkẹta sì pẹ́ díẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, katapílà ṣáájú Alhaji dé. Ó ń gbọ̀n rìrì lẹ́bàá búráùn ìdí ìkòkò, ó ń tú èéfín dúdú, ọkàn Sakinah sì ń bá a gbọ̀n. Alhaji sọ̀kalẹ̀ látinú mọ́tò rẹ̀.

"Ta ló da yanrìn síbi tí a ti ń gbábọ́ọ̀lù?"

Sakinah kúnlẹ̀. "Èmi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, bọ́ọ̀lù mẹ́ta péré. Ẹ wá dúró níbí, nídìí búráùn ti tẹ́lẹ̀, kí ẹ kọjú sọ́hùn-ún. Bí kò bá dáa, èmi fúnra mi ni n ó sọ fún dírẹ́bà pé kó máa tẹ̀ ẹ́ lọ."

Alhaji wo aago. Ó wo ọmọbìnrin tí ọ́ìlì dúdú ṣì wà ní ìgúnpá rẹ̀. Ó fọwọ́ sí dírẹ́bà pé kó pa ẹ́ńjìnì, ó sì ní kí wọ́n mú igi òun wá látinú búùtù.

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ fò bí lékeléke. Gbogbo wọn rí i bó ti gòkè, bó ti rọ̀, bó ti balẹ̀ tó yí gbirigbiri dé etí búráùn tuntun. Ìkejì tẹ̀ lé e. Alhaji kò gbá ìkẹta mọ́, ó ń wo òjìji ara rẹ̀ tó nà síwájú.

"Nírọ̀lẹ́ ńkọ́? Àwa kan ń wá nírọ̀lẹ́. Ojú tiwa náà ni oòrùn á wà."

"Nírọ̀lẹ́, ẹ ó yí i padà, sà. Láàárọ̀, ẹ gbá a láti ibí lọ sọ́hùn-ún. Nírọ̀lẹ́, ẹ gbá a láti ọ̀hún wá síbí. Bí ìkòkò ni. Ẹ dojú ẹ̀ dé, ẹ tún yí i sókè."

"Ihò kan, ojú méjì." Alhaji mi orí. "Mi ò rí èyí nínú ìwé àwọn Òyìnbó mi o."

"Wọn ò ní ìyá mi àgbà, sà."

Alhaji rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó yíjú sí dírẹ́bà katapílà. "Lọ wá nǹkan jẹ. Kò síṣẹ́ lónìí." Lẹ́yìn náà ló wí fún Sakinah pé, "Tún un yà bó ṣe wà báyìí, kí o kọ orúkọ ẹ sí igun ẹ̀ kí o tó mú un wá. Ní ti mẹ́sàn-án tó kù, jẹ́ ká rí ohun tí òjò oṣù tó ń bọ̀ máa ṣe sí eléyìí ná."

Mọ́tò lọ. Sakinah jókòó sórí koríko. Wàhábì dúró tì í. Ó lajú wo búráùn tuntun lọ́ọ̀ọ́kán, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó tún gbé e.

"Sakinah."

"Ẹn-ẹn?"

Ó nawọ́ sí ìhà ọ̀hún. "Búráùn yẹn kò dáa. Ó tẹ̀ sọ́wọ́ òsì. Mo ti rí i láti àná, mi ò sì ní jẹ́ kó di ọ̀la kí n tó sọ. Òjò ńlá kan ṣoṣo, ó ti lọ nìyẹn."

Ẹ̀rù hàn lójú rẹ̀, bí ẹni tó ju òkúta sókè tó ń retí ibi tí yóò bà. Sakinah wò ó. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ fún un rí láti ọjọ́ tó ti dáyé. Ọkàn rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù kìkì, ara rẹ̀ kò tún balẹ̀ mọ́. Ó ti dìde, ó ti fa ọkọ́ méjèèjì yọ lábẹ́ igi.

"Níbo gan-an ló ti tẹ̀? Ẹ wá fi hàn mí kí oòrùn tó mú."